Ikọ́ Fée Tí Ó Le, àti Oògùn Tí Ó Ń Gba Ẹ̀mí Là Tí Ó Sì Ń Gba Èlé

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àìsàn kan tí kò ṣàjèjì ní ilé wa: ikọ́ fée. Àwọn mìíràn ń pè é ní ikọ́ sémìí-sémìí. Àwọn oníṣègùn òyìnbó sì ń pè é ní àsímà. Ó ṣòro kí a rí abúlé kan tí kò ní ọmọdé tàbí àgbà tí àyà rẹ̀ máa ń dún bí fèrè ní òru nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí yóò dìde jókòó, tí yóò di ògiri mú kí ó tó lè fa èémí.

Ìdí méjì ni a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìkínní ni pé ikọ́ fée ń pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pa kò yẹ kí wọn kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, bí ènìyàn mílíọ̀nù 262 ni ó ní àìsàn yìí ní gbogbo ayé, ó sì pa bí 455,000 nínú wọn. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó kú wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, níbi tí a kì í ti í tètè mọ àìsàn náà, tí oògùn tí ó tọ́ sì ṣọ̀wọ́n. Ní Nàìjíríà, ìwádìí kan tí àwọn dókítà tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé àwọn tí ó ní i tó bí mílíọ̀nù 13.

Ìkejì ni pé oògùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń lò fún un láìní òǹkà. Oògùn náà dára. Ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó léraléra, ó ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí ojú kò tó. Orúkọ ìdílé oògùn yìí ni sítẹ́rọ́ìdì. Àwọn tí a mọ̀ jù nínú wọn ni prednisolone àti dexamethasone.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÀYÀ

Bí ẹ bá gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, tí ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn yóò gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Báyìí ni ọ̀nà èémí nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ dá ti rí. Ọ̀pá ńlá kan wọ inú àyà, ó pín sí méjì, àwọn méjèèjì tún pín sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí ẹ̀ka igi.

Nínú àyà ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ohun mẹ́ta ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí nígbà tí àìsàn bá dìde. Ìkínní, ẹran ara tí ó yí wọn ká yóò fún wọn pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ fún ọrùn àpò. Ìkejì, awọ inú wọn yóò wú. Ìkẹta, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki yóò kún ibi tóóró tí ó ṣẹ́kù. Èémí yóò ráyè wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè jáde bí ó ti yẹ. Ìró fèrè tí a ń gbọ́ ni ìró atẹ́gùn tí ó ń fi agbára wá ọ̀nà jáde.

Ẹ fi ọkàn sí èyí: fífún tí ọ̀nà èémí fún pọ̀ lè tú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n wíwú rẹ̀ kì í lọ kíákíá bẹ́ẹ̀. Wíwú yìí lè wà níbẹ̀ àní ní ọjọ́ tí aláìsàn kò wúkọ́ rárá. Gbogbo ẹ̀kọ́ òní dúró lórí ìyàtọ̀ yìí.

Ikọ́ fée kì í ranni. Ẹni tí ó bá ẹni tí ó ní i mu omi nínú ife kan náà kò ní kó o. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ó máa ń tẹ̀lé ìdílé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ohun kan wà tí ń jí i dìde: eruku, ọyẹ́, òtútù àti ọ̀fìnkìn, èéfín igi ìdáná, èéfín ibi tí a ti ń dín gàrí, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín sìgá, oògùn ẹ̀fọn tí a ń dáná sí, aáyán, àti òórùn lọ́fínńdà tí ó le. Fún àwọn ènìyàn mìíràn, oògùn orí fífọ́ bí aspirin lè jí i.

OÒGÙN TÍ Ń TU ÀYÀ ÀTI OÒGÙN TÍ Ń DÁÀBÒ BO ÀYÀ

Oògùn tí a fi ń wo ikọ́ fée jẹ́ oríṣi méjì, ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé tí àìsàn yìí wà mọ ìyàtọ̀ wọn bí wọn ti mọ ìyàtọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà.

Èkínní ni oògùn tí ń tu àyà. Èyí tí a mọ̀ jù ni salbutamol, tí ó sábà máa ń wà nínú ìnhélà, èyíinì ni agolo kékeré tí a ń fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ oògùn inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ aró ni a fi ń kun ìnhélà yìí. Ó ń tú ẹran tí ó fún pọ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í mú wíwú kúrò.

Èkejì ni oògùn tí ń dáàbò bo àyà. Ìnhélà ni òun náà, ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ìdì ni ó wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré: beclomethasone, tàbí budesonide, tàbí irú wọn. Òun ni ó ń mú wíwú lọ. Kì í ṣiṣẹ́ kánkán. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a tó mọ agbára rẹ̀ dáadáa. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì, tí wọn ń sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó ní wíwú nínú àyà tí ó sì ń lo oògùn tí ń tu àyà nìkan dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi láì dí ihò tí omi ń gbà wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣègùn yẹ ọ̀rọ̀ ènìyàn 195 tí ikọ́ fée pa láàrin ọdún 2012 sí 2013 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Nínú àwọn 165 tí a mọ iye ìnhélà atúnilára tí wọ́n gbà, 65 ni ó gba ju 12 lọ láàrin ọdún tí ó ṣáájú ikú wọn. Nínú gbogbo àwọn 195 náà, àwọn 87 ni kò wá ìrànlọ́wọ́ oníṣègùn, tàbí kí ìrànlọ́wọ́ má tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọn tó kú. Láti ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ikọ́ fée ní gbogbo ayé, tí a ń pè ní GINA, ti ń sọ pé kí àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́langba má ṣe lo salbutamol nìkan mọ́ láìsí oògùn tí ń dáàbò bo àyà.

Níhìn-ín ni a ti lè dáhùn ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, pé ìnhélà ni ó ń pa aláìsàn, nítorí pé wọ́n ti bá òkú tí ìnhélà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá bá òkú tí ó di korobá omi mú nínú ilé tí ó jóná, ṣé omi ni a ó sọ pé ó pa á? Àìsàn tí a kò tọ́jú láti ìpìlẹ̀ ni ó pa á. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó iná náà, ìrànlọ́wọ́ sì pẹ́ kí ó tó dé.

ORÍSUN SÍTẸ́RỌ́ÌDÌ

Ọlọ́run kò dá ara wa láìní sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe irú nǹkan yìí ní ìwọ̀n tí ara ń fẹ́. Òun ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti dìde ní òwúrọ̀, láti fara da àìsàn àti ìpayà, àti láti mú wíwú rọlẹ̀.

Ní ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti sọ di arọ ní abẹ́rẹ́ irú oògùn yìí tí a ń pè ní cortisone. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà dìde rìn. Ẹnu ya gbogbo ayé. Ní ọdún 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Láìpẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí fi wo ikọ́ fée, prednisolone sì dé ọjà ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn dókítà náà fi rí i pé ẹni tí ó ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ ń wú lójú, egungun rẹ̀ ń di ẹlẹgẹ́, àrùn mìíràn sì ń tètè wọlé sí i lára. Èyí ni ó mú kí wọ́n wá ọ̀nà tí oògùn náà yóò fi dé inú àyà láì kọ́kọ́ gba gbogbo ara kọjá. Ní ọdún 1972, ìnhélà beclomethasone jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò mọ ìyàtọ̀ náà. Mílígíráàmù 1 jẹ́ máíkrógíráàmù 1,000. Àgbàlagbà tí ń fa ìnhélà sítẹ́rọ́ìdì lè gba máíkrógíráàmù 400 ní òòjọ́. Bí àìsàn bá gbé e dé, tí dókítà fún un ní prednisolone mílígíráàmù 40 ní òòjọ́, èyíinì ni oògùn oníhóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 5, ó ti gbé máíkrógíráàmù 40,000 mì. Ti oníhóró fi ìlọ́po 100 ju ti ìnhélà lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá sá fún ìnhélà nítorí ìbẹ̀rù sítẹ́rọ́ìdì, tí ó wá ń gbé oníhóró mì ní oṣooṣù, fi dà bí ẹni tí ó sá fún òjò wínníwínní tí ó kó sínú odò.

ÈLÉ TÍ ARA Ń SAN

Nígbà tí ikọ́ fée bá gbéni dé ojú ikú, prednisolone ọjọ́ márùn-ún sí méje ni ó sábà máa ń gba àgbàlagbà là. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ̀ ọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìyá má sì ṣe kọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí dókítà bá ní kí a fún un. Ohun tí a ń sọ ni pé oògùn yìí dà bí owó sógúndógójì: ẹni tí ọ̀ràn ká mọ́ lè yá a ní ọjọ́ kan kí ilé má bàa tú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yá a ní oṣooṣù kò ní pẹ́ kí ó tó ta ilẹ̀.

Mílígíráàmù 40 fún ọjọ́ 5 jẹ́ 200. Ẹni tí ó lò ó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ti lo 600. Ìwádìí kan lórí àwọn aláìsàn ikọ́ fée ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé láti ìgbà tí àpapọ̀ oògùn náà bá ti wọ àárín mílígíráàmù 500 sí 1,000 ní gbogbo ayé ènìyàn, èyíinì ni bí ìgbà 4 péré, ewu ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Bí iye náà sì ti ń ga ni ewu ń ga. Ẹni tí ó ń lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún yóò lo 800 lọ́dún. Ní ọdún mẹ́wàá, 8,000. Àwọn ewu náà nìyí:

1. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ga, ó sì lè di àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ yóò rí i pé apá kò ká a mọ́.

2. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá a rìn. Ara máa ń sanra ní ojú, ní ikùn àti ní ẹ̀yìn ọrùn, ṣùgbọ́n ẹran ẹsẹ̀ àti apá a máa gbẹ.

3. Egungun máa ń di ẹlẹgẹ́, ó sì lè ṣẹ́ nítorí ìṣubú kékeré. Orí egungun ìgbáròkó lè kú, kí aláìsàn máa tiro. Àwọn tí ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ti wà nínú ewu ìgbáròkó yìí tẹ́lẹ̀.

4. Awọ funfun lè bo ẹyinjú, omi inú ẹyinjú sì lè máa ti ojú láti inú títí tí yóò fi fọ́.

5. Agbára tí ara fi ń bá àrùn jà máa ń rẹ̀yìn. Ikọ́ ife tí ó ti sùn nínú ara láti ọjọ́ pípẹ́ lè jí. Oríṣi aràn kan tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, èyí tí ó wà ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, lè bí sí i nínú ara títí yóò fi pa ènìyàn.

6. Awọ ara máa ń fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í tètè jinná. Oorun a máa dá lójú ẹni, inú a máa bíni láìnídìí, ẹlòmíràn a sì rẹ̀wẹ̀sì.

7. Ọmọdé tí ó ń lò ó léraléra lè má ga tó bí ó ti yẹ kí ó ga.

KÍ A MÁ ṢE JÁ A LÓJIJÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo oògùn yìí ní ojoojúmọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe tìtorí ohun tí ẹ ń kà yìí jù ú nù lónìí. Nígbà tí oògùn bá ń wọlé láti òde, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín yóò rí i pé a kò nílò iṣẹ́ òun, yóò sì sùn. Bí a bá já oògùn náà lójijì, ẹṣẹ́ kò ní tètè jí. Ó lè rẹ aláìsàn títí dé egungun, kí ó máa bì, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ó sì dákú. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lórí oògùn yìí fún ìgbà pípẹ́ gbọ́dọ̀ máa mú ìwé kékeré kan rìn tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ ìjàmbá tàbí iṣẹ́ abẹ lè mọ̀.

IBI TÍ Ó MÁA Ń FARA PAMỌ́ SÍ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lo sítẹ́rọ́ìdì tí kò mọ̀. Dexamethasone wà nínú oògùn tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Ẹ kíyè sí i pé dexamethasone mílígíráàmù 0.75 péré ni agbára rẹ̀ tó prednisolone mílígíráàmù 5. Sítẹ́rọ́ìdì líle wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí a fi ń bó àwọ̀. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, a ti yẹ àwọn àgúnmu àti oògùn ìbílẹ̀ tí a dì sínú kápúsù wò, a sì rí i pé àwọn aláìṣòótọ́ ti lọ sítẹ́rọ́ìdì mọ́ wọn kí aláìsàn lè rí ìtura kíákíá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ta àgúnmu fún yín tí ó tu ikọ́ fée, làkúrègbé àti ara yíyún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń mú yín sanra ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fura. Bákan náà, bí ẹ bá lọ sí kẹ́míìsì tí wọ́n ro oògùn pọ̀ fún yín nínú bébà láìsí orúkọ, ẹ béèrè orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san owó.

KÍ A TÓ SỌ PÉ IKỌ́ FÉE NÁÀ LE

Kì í ṣe gbogbo ikọ́ fée tí kò gbóògùn ni ó le ní tòótọ́. Nínú 100 ènìyàn tí ó ní ikọ́ fée, bí 3 sí 10 ni tiwọn le tó bẹ́ẹ̀ tí ìnhélà tí a lò dáadáa kò fi ká a. Fún àwọn yòókù, ohun mìíràn ni ó ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí nǹkan márùn-ún.

Ṣé ó mọ bí a ti ń fa ìnhélà? Ṣé ojoojúmọ́ ni ó ń lo èyí tí ń dáàbò bo àyà, tàbí ọjọ́ tí àyà bá dì nìkan? Ṣé èéfín, eruku tàbí aáyán ṣì wà nínú yàrá tí ó ń sùn? Ṣé ó ń lo oògùn mìíràn tí ń jí ikọ́ fée, bí aspirin tàbí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan? Àti pé, ṣé ikọ́ fée ni lóòótọ́, àbí ikọ́ ife, tàbí àìsàn ọkàn? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ oníhóró.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́ tí àyà kò sì tú, ikọ́ fée náà le ni. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní láti dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa àyà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, bí irú èyí tí ó wà ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó. Wọ́n lè fi oògùn mìíràn kún ìnhélà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìgbàlódé wà pẹ̀lú, bí omalizumab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2003 àti mepolizumab ní ọdún 2015, tí ń jẹ́ kí àwọn mìíràn lè fi oníhóró sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó wọn ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ. Prednisolone ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe àbọ̀ ìgbẹ̀yìn, ní ìwọ̀n tí ó kéré jù, lábẹ́ ojú dókítà tí ń yẹ ṣúgà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ojú àti egungun wò.

BÍ A TI Ń FA ÌNHÉLÀ

Gbọn agolo náà. Mí jáde tán. Fi ẹnu bò ó dáadáa. Bí o ti bẹ̀rẹ̀ sí fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, tẹ agolo náà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa fà á lọ. Pa ẹnu dé, ka ení títí dé ẹ̀wá, kí o tó mí jáde. Bí ti sítẹ́rọ́ìdì ni, fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ kí o sì tu omi náà dànù, kí egbò funfun má bàa yọ lẹ́nu.

Ọmọdé kò lè ṣe gbogbo èyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ike agbàfẹ́fẹ́ kan wà tí a ń fi sí àárín ìnhélà àti ẹnu, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ní ọdún 1999, àwọn dókítà ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé ìgò ike oníwọ̀n mílílítà 500 tí a ń ta omi nínú rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ kan náà. A ó fọ ìgò náà pẹ̀lú omi ọṣẹ, a ó jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ láì nù ún. A ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ihò náà bá ẹnu ìnhélà mu rẹ́gí kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Ọmọ yóò fi ẹnu bo ẹnu ìgò. A ó tẹ ìnhélà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yóò sì mí wọlé mí jáde nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí a tó tún un tẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ DÌDE PẸ̀LÚ AGBÁRA

Àmì ewu nìyí: aláìsàn kò lè sọ gbólóhùn kan tán láì dúró mí, ihò ń ṣí sí àárín egungun ìhà rẹ̀ bí ó ti ń mí, ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, oorun àìsàn ń gbé e, tàbí ìnhélà kò tù ú mọ́. Bí ìró fèrè bá dákẹ́ nígbà tí ó ṣì ń jà fún èémí, ẹ má ṣe yọ̀. Atẹ́gùn kò wọlé mọ́ ni.

Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú aṣọ tí ó fún un. Ẹ má ṣe pé lé e lórí, ẹ má sì ṣe da àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ fún un ní salbutamol láti inú ìgò ike náà, títẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, títí dé mẹ́rin ó kéré tán. Ó lè tó mẹ́wàá bí ó bá le. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jókòó máa wò ó: bí àmì ewu bá ti hàn, kí ẹnìkan ti máa wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ máa fún un ní oògùn náà lójú ọ̀nà.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, "Oníhóró kò wọ́n, ìnhélà ni ó wọ́n." Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ń kó Ventolin àti àwọn ìnhélà mìíràn wá, kéde pé òun yóò dá iṣẹ́ òun dúró ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni owó ìnhélà fò sókè gidigidi. Ọ̀pọ̀ ni ó sì padà sí oníhóró. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bú wọn. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé owó àtọ̀gbẹ, owó egungun tí ó ṣẹ́ àti owó ojú tí ó fọ́ kò sí nínú iye tí a san ní kẹ́míìsì.

Ohun tí a lè ṣe nìyí. Ẹ béèrè fún irú oògùn kan náà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, nítorí orúkọ oògùn ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín ń san lára rẹ̀. Bí agbára kò bá ká ìnhélà méjì, ẹ sọ fún dókítà láìtijú. Ìnhélà kan wà tí budesonide àti formoterol wà nínú rẹ̀ pọ̀, tí ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí ẹ lo prednisolone àti iye rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kan. Bí ó bá pé ẹ̀ẹ̀mejì láàrin ọdún kan, àkókò tó láti lọ rí dókítà kí ó tún ètò oògùn yín ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÒǸKÀWÉ

1. Ohun mẹ́ta wo ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà èémí nígbà tí ikọ́ fée bá dìde? Èwo ni salbutamol ń tú, èwo ni kì í mú lọ?

2. Bí ènìyàn bá lo prednisolone mílígíráàmù 40 fún ọjọ́ 5, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin ọdún mẹ́ta, mílígíráàmù mélòó ni ó ti lò? Kí ni ó yẹ kí ó ṣe?

3. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó já oògùn yìí lójijì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

4. Ní abúlé yín, ta ni ó ní ọkọ̀ tí a lè pè ní òru bí àyà ọmọ kan bá dì? Ẹ fi ìdáhùn ìbéèrè yìí ẹnu kò kí ẹ tó tú ká lónìí, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sí ara ògiri ilé ìkàwé yín.